Lisbon, ìlú tó tọ́jú àpá ara rẹ̀

Ìmìtìtì ilẹ̀ ló gbé mi dé Lisbon. Ẹ̀kọ́ nípa bí ilé ṣe ń dúró àti ohun tó ń bì í wó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Jámánì. Nínú kíláàsì kan, olùkọ́ wa gbé àwòrán férémù onígi kan sójú pátákó: àwọn igi tó dúró ṣánṣán, àwọn tó dùbúlẹ̀, àti igi méjì tó dábùú ara wọn nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ó ní inú ògiri ilé ni àwọn ará Lisbon gbé irú igi bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí lẹ́yìn ọdún 1755, kí ilé má baà tún wó pa wọ́n mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìlú yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ìsinmi dé, tí mo rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú tí owó rẹ̀ fúyẹ́, kíá ni mo sanwó. Káàdì ìgbélùú Jámánì tó wà lápò mi tó mi wọ Pọ́túgà. N kò ní láti lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ físà kankan. Àbúrò kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́, ní òun náà fẹ́ lọ wo òkun, òun sì fẹ́ jẹ ẹja. A jọ gbéra.

Orí òkè ni wọ́n tẹ Lisbon dó sí, níbi tí odò Tejo ti fẹ́ wọ òkun Àtìláńtíìkì. Òkúta funfun kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dán, bí òjò bá sì ti kán sí i, kí oníkálukú máa rọra gbé ẹsẹ̀. Tráàmù aláwọ̀ ìyeyè ń gba àárín ilé méjì kọjá, débi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan ògiri. Táìsì aláwọ̀ aró àti funfun ni wọ́n fi bo iwájú ọ̀pọ̀ ilé, aṣọ tí wọ́n sá sì ń fì lójú fèrèsé lókè. Àbúrò mi wo gbogbo àkàsọ̀ tó wà níwájú wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ti gun Olúmọ, kí lẹ̀rù òkè yìí?" Ó sì ṣáájú mi.

Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an kò sí lórí òkè. Àfonífojì tó wà láàárín àwọn òkè náà ni, tí wọ́n ń pè ní Baixa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè rò pé kò sí ohun àrà kankan níbẹ̀: òpópónà gbọọrọ tó gún régé, ilé tó ga bákan náà, fèrèsé tó jọra. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ àwọn òpópónà náà: ti alágbẹ̀dẹ wúrà, ti alágbẹ̀dẹ fàdákà, ti àwọn tó ń ṣe bàtà, ti àwọn aláṣọ. Lónìí, ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ ló kún ibẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń na ìwé oúnjẹ sí àlejò pé kó yà. Síbẹ̀, kò sí ibòmíràn ní Yúróòpù tó wù mí láti fojú rí tó o, nítorí pé ó ti di eérú rí kí ó tó rí báyìí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1755 ni. Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni, ọjọ́ ńlá fún àwọn Kátólíìkì, Kátólíìkì paraku sì ni Lisbon. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ lù, èrò ti kún inú ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó lórí gbogbo pẹpẹ. Ni ilẹ̀ bá mì. Ìsàlẹ̀ òkun, sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Pọ́túgà, ni ìmìtìtì náà ti ṣẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó wà lára èyí tó le jù lọ tí Yúróòpù tíì rí. Òrùlé òkúta já lu àwọn tó kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó yè sá lọ sí etí odò, níbi tí kò ti sí ilé tó lè wó lù wọ́n. Omi fà sẹ́yìn títí ìsàlẹ̀ odò fi hàn, lẹ́yìn náà ló ru padà, ó sì gbá àwọn tó sá wá bá a lọ. Àbẹ́là tó ṣubú àti iná ìdáná inú ilé ràn mọ́ àwọn igi tó wó lulẹ̀. Fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ni iná náà fi jó. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún èèyàn ló kú. Ààfin ọba tó wà létí odò lọ pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ilé òpéra tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní oṣù díẹ̀ ṣáájú lọ. Ilé ìwòsàn tó tóbi jù nílùú jóná.

Ọba José àti ẹbí rẹ̀ yè é, nítorí pé wọn kò sí láàfin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rù ilé olókùúta kò jẹ́ kí ọba sùn. Wọ́n kọ́ ààfin onígi fún un lórí òkè Ajuda, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ibùgbé títí ó fi wàjà lọ́dún 1777. Mo máa ń ro ti ọba yìí. Gbogbo wúrà Bràsíìlì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò sí mábù tí kò lè rà, igi ló wá fọkàn tán.

Mínísítà rẹ̀ ló fa iṣẹ́ àtúnkọ́ ìlú lé lọ́wọ́, Sebastião José de Carvalho e Melo, ẹni tó wá joyè Máàkúìsì Pombal lẹ́yìn náà. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àlejò ń gbọ́, ère rẹ̀ sì wà lórí òpó gíga kan láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Manuel da Maia, olórí àwọn ẹnjiníà ìjọba, àgbà tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún nígbà tí ìlú wó. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, ó ti kọ apá kìíní ìwé àbá rẹ̀. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé kí a kọ́ ìlú padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Ṣé kí a fẹ òpópónà sí i? Ṣé kí a dín gíga ilé kù? Ṣé kí a wó gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù ní Baixa, kí a sì tún un yà látìbẹ̀rẹ̀? Àbí kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí a lọ tẹ ìlú tuntun dó sí apá Belém? Ó sọ ire àti ibi tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títún un yà látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú, Eugénio dos Santos àti Carlos Mardel sì fa ìlà àwọn òpópónà tí mo wá rìn. Ìlú tí bàbá yìí ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wó lójú rẹ̀, òkú ṣì wà lábẹ́ àwókù, ó jókòó, ó sì mú kálàmù. Bí mo bá dàgbà nínú iṣẹ́ yìí, irú ẹnjiníà tí mo fẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Inú ògiri àwọn ilé wọ̀nyẹn ni férémù onígi náà wà. Gaiola ni wọ́n ń pè é. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: òkúta àti bíríkì lágbára bí ẹrù bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń mì wọ́n lọ, tó ń mì wọ́n bọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń là. Igi máa ń tẹ̀, yóò sì tún nà padà. Àwọn igi tó dábùú ara wọn ni kì í jẹ́ kí férémù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òkúta ara ògiri bá tiẹ̀ ya dànù, igi á ṣì gbé òrùlé dúró kí àwọn ará ilé lè ráyè jáde. Ìtàn sọ pé wọ́n kọ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ kan síta, wọ́n sì ní kí àwọn ṣójà máa yan yí i ká, kí ilẹ̀ lè mì, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá yóò dúró. Wọ́n tún mọ ògiri tó nípọn sáàárín ilé sí ilé, tó yọ gíga ju òrùlé lọ, kí iná ilé kan má baà ràn mọ́ èkejì. Wọ́n ń gé igi àti òkúta sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà kí wọ́n tó kó wọn débi iṣẹ́, kí iṣẹ́ lè yá.

Abẹ́ ilẹ̀ ló tún dùn mọ́ mi jù. Ní Rua dos Correeiros, nígbà tí báńkì kan ń tún ilé rẹ̀ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Lónìí, ìsàlẹ̀ báńkì náà ti di ibi àbẹ̀wò, afinimọ̀nà sì máa ń kó èèyàn wọlé ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo pátákó báńkì, ó wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé báńkì la wá wò ní Lisbon ni?" Mo ní kó fara balẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kòtò olókùúta tí àwọn ará Róòmù fi ń rẹ ẹja sínú iyọ̀ wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Lórí wọn ni ìpìlẹ̀ ilé ayé Pombal wà: ìtì igi tí wọ́n gbá wọ inú ẹrẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí omi ṣì bò títí di òní. Ilẹ̀ Baixa kò le, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Igi tí omi bá bò pátápátá kì í tètè jẹrà, torí atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá gbẹ kúrò lára rẹ̀ ni wàhálà dé. Àbúrò mi tẹ̀ ba, ó wò ó títí. Nígbà tí a máa fi jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó bá wa wọlé.

Ohun kan tún wà tí ìjọba Pombal ṣe tí n kò lè fò dá. Ó kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn fadá jákèjádò orílẹ̀-èdè. Agogo mélòó ni ilẹ̀ mì, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó? Ṣé ìhà kan ló ti le ju ìhà kejì lọ? Èèyàn mélòó ló kú? Ṣé òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni, àbí ńṣe ló kọ́kọ́ ru? Ṣé ilẹ̀ là níbì kankan, ṣé nǹkan kan sì tú jáde níbẹ̀? Lákòókò tí àwọn oníwàásù ń kéde pé ìbínú Ọlọ́run ló dé, ẹnì kan ń béèrè pé kí lẹ fojú rí. Àwọn ìdáhùn náà wà nínú Torre do Tombo, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba sí, àwọn tó ń kọ́ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ sì ṣì ń kà á.

Láti Baixa, bí èèyàn bá gbójú sókè, yóò rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Carmo lórí òkè, tí sánmà hàn láàárín rẹ̀. Ọdún 1389 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀. Òrùlé rẹ̀ wó lọ́jọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, wọn kò parí rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òpó ṣì nà sókè, òkúta tó yẹ kó gbé òrùlé ṣì tẹ̀ kọjá láti òpó kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan. Mo dúró sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì, òjò winiwini ń kán sí mi lójú. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni bárékè tí Marcelo Caetano, olórí ìjọba apàṣẹwàá Pọ́túgà, sá pamọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, tí àwọn ọmọ ogun tí Salgueiro Maia ṣíwájú wọn fi ká a mọ́ títí ó fi gbé ìjọba sílẹ̀. Àwọn ará ìlú ń ti òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn. Ogun tí wọ́n ti ń rán wọn lọ jà ní Àǹgólà, Mòsáńbíìkì àti Guinea-Bissau ló ti sú àwọn ọmọ ogun náà. Kí ọdún 1975 tó parí, ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dòmìnira.

Ìrìn díẹ̀ síbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos. Ìmìtìtì ilẹ̀ bà á jẹ́ lọ́dún 1755, iná tún jó inú rẹ̀ lọ́dún 1959. Wọ́n fi òrùlé tuntun bò ó, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan àwọn òpó tí iná ti jẹ, tó ti sán, tó ti pọ́n. Èèyàn á gbàdúrà láàárín wọn bẹ́ẹ̀. Níta, lójú gbàgede, òkúta ìrántí wà fún àwọn Júù tí àwọn jàǹdùkú pa nípakúpa lọ́dún 1506. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ojú gbàgede yẹn náà ni mo ti rí àwọn èèyàn wa. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Guinea-Bissau. Àwọn bàbá wà lórí ìdúró, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ ohun tí wọ́n kó wá láti ilé. Mo rí obì. Mo kí ìyá àgbà tó ń tà á, mo tẹ̀ ba bí ọmọ ṣe ń kí ìyá. Kò gbọ́ Yorùbá, n kò gbọ́ èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ò ṣòro fún àgbà láti gbà. Ó ṣa obì tó dára fún mi, ó gba owó, ó sì fi ènì sí i. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mọ ènì níbí!" Láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń péjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà yìí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀, ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rósárì, tó ń sapá láti ra òmìnira fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹrú.

Ẹrú. Ibí yìí ni ìrìn-àjò mi ti yà sí ọ̀nà tí n kò fọkàn sí. Ní nǹkan bí ọdún 1551, nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Lisbon, nǹkan bí 100,000 ni wọ́n, àwọn ẹrú àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Nínú èèyàn mẹ́wàá, ẹnì kan. Àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń da ìdọ̀tí nù, àwọn ló ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n bá kú ńkọ́?

Mo rìn lọ sí Rua do Poço dos Negros, òpópónà tóóró kan ní apá ìwọ̀-oòrùn, tí kò jìnnà síbi tí tráàmù 28 ń gbà. Ilé ìmukọfí wà níbẹ̀, ilé tó ń ta aṣọ wà níbẹ̀. Kànga Àwọn Aláwọ̀ Dúdú ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1515, Ọba Manuel kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé òkú àwọn ẹrú tí wọ́n ń jù kiri ìgbẹ́ ń rùn, ajá sì ń jẹ wọ́n. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan, kí wọ́n máa jù wọ́n sí i, kí wọ́n sì máa da ẹfun lé wọn lórí kí wọ́n lè tètè jẹrà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún àwọn tó sìn wọ́n títí dójú ikú. Kò sí orin, kò sí àlùfáà, kò sí ọmọ tó bu yẹ̀pẹ̀ sójú oórì. Nínú àwa tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé bí a bá ṣe sin òkú ni a fi ń mọ ẹni tí a jẹ́, kí ni èèyàn fẹ́ wí dúró lórí òpópónà yẹn? Mo ṣí fìlà lórí. Àbúrò mi náà ṣí tirẹ̀. A dúró.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé mi bí mo ṣe ń wo gbogbo ilé tó wù mí: owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ààfin tí omi gbé lọ, ilé òpéra tí iná jó, wúrà Bràsíìlì wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹrú ló sì wa wúrà náà jáde ní Minas Gerais. Nígbà tí wọ́n ń tún Lisbon kọ́, wọ́n bu owó lé àwọn ará Bahia ní Bràsíìlì pẹ̀lú. Owó Bahia láti ara ìrèké àti tábà ni. Wọ́n sì ń fi tábà Bahia ra èèyàn ní etí òkun wa, láti Wídà títí dé apá Èkó. Nígbà tó yá, tí Ọ̀yọ́ tú, Yorùbá ni wọ́n kó jù lọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô. Pombal fúnra rẹ̀ fi òfin de kíkó ẹrú tuntun wọ Pọ́túgà lọ́dún 1761, wọ́n sì ń yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ òwò Grão-Pará e Maranhão tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1755 ń kó ẹrú lọ Bràsíìlì láìdáwọ́ dúró, láti Bissau àti Cacheu, ní ilẹ̀ Guinea-Bissau òní, ní pàtàkì. Ìlú ìyá tó ta obì fún mi nìyẹn.

A lọ sí Belém bí gbogbo àlejò ṣe ń lọ. Ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos lẹ́wà débi pé ẹnu mi kò lè ròyìn iṣẹ́ ọnà ara òkúta rẹ̀. Owó ibodè orí òwò Áfíríkà àti Íńdíà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n fi kọ́ ọ, ibẹ̀ ni sàréè Vasco da Gama sì wà. Àbúrò mi jẹ àkàrà oníwàrà àti ẹyin tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún 1837, ó tún lọ tò láti ra òmíràn. Lẹ́bàá odò ni wọ́n gbé ère àwọn awakọ̀ òkun sí lọ́dún 1960, Ọmọba Henry ló ṣíwájú, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Lábẹ́ àṣẹ Henry yìí ni wọ́n ti kó èèyàn 235 sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Lagos ní gúúsù Pọ́túgà lọ́dún 1444, tí wọ́n pín wọn ní gbangba, tí wọ́n ya ìyá nípá ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2009 láti ṣe ibùdó ìgbọ́kọ̀sí, egungun èèyàn Áfíríkà tó lé ní 150 ni wọ́n bá nínú ààtàn àtijọ́. Kò sí ọ̀kankan lára àwọn 235 yẹn lórí ère etí odò.

N kò kórìíra Lisbon. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ padà lọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ìlú yìí mọ bí a ti ń rántí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láìní òrùlé fún ohun tó ju 250 ọdún lọ kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi òpó tó jóná sílẹ̀ bó ṣe jóná. Wọ́n gbé òkúta ìrántí fún àwọn Júù tí wọ́n pa. Ẹni tó bá lè ṣe gbogbo ìyẹn lè ṣe èyí náà. Ẹgbẹ́ Djass, ti àwọn ọmọ Pọ́túgà tó ṣẹ̀ láti Áfíríkà, gbé àbá ìrántí àwọn ẹrú wá, àwọn ará ìlú sì dìbò fún un lọ́dún 2017. Iṣẹ́ Kiluanji Kia Henda, ọmọ Àǹgólà, ni wọ́n yàn: oko ìrèké tí wọ́n fi alumíníọ́mù dúdú ṣe, tí èèyàn lè rìn wọ àárín rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀. Kò yẹ kó falẹ̀. Manuel da Maia kò lò ju oṣù kan lọ kí ó tó mú àbá wá nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń rú èéfín.

Lójú ọ̀nà padà, inú ọkọ̀ òfúrufú, Èkó ni mò ń rò. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n kó lọ Bràsíìlì padà wá. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dání, wọ́n sì kọ́ Popo Àgùdà: ilé tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lókè, tí òdòdó sìmẹ́ǹtì wà lára rẹ̀. João Baptista da Costa tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ọ̀kan lára wọn ni. Ilé Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọdún 1956 ni ìjọba kéde pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mo ti rí fọ́tò àwókù rẹ̀, inú sì bí mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ. Ilẹ̀ kò mì o. Omi kò ru. Àwa la wó o.

Mo ti bá ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé kí n kọ ọ́ lórí àwọn ilé Àgùdà tó ṣì dúró ní Ìsàlẹ̀ Èkó: bí wọ́n ṣe mọ ògiri wọn, irú igi tó wà nínú òrùlé wọn, ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ àti bí a ṣe lè dá a dúró. Ilé Olómi ti ìdílé da Rocha ní Kakawa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá fún mi láyè. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ilé bàbá bàbá yín wà ní Popo Àgùdà tàbí ní àyíká rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tú àpótí wò. Fọ́tò àtijọ́, ìwé ilẹ̀, orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ilé, ìtàn tí màmá àgbà ń sọ nípa ẹni tó gbé páànù sórí rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ilé tó bá sì ti wó, ẹ sọ ibi tó wà fún mi, a ó kọ ọ́ sílẹ̀.